Bàbá Adégbóyè àti Obìnrin Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ìjọ Áńgílíkà Ìsọlọ̀-Òpin ò tíì gbàgbé ọjọ́ Àìkú tí olóògbé Lazarus Adégbóyè dìde nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó wúkọ́.

"Ẹ bá wa gbàdúrà fún arábìnrin Àbẹ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti òkè òkun dé, ó mú ìyàwó mìíràn wọlé. Obìnrin yìí ò sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà kíkankíkan, àmín ń dún bí àrá. Àlùfáà tuntun, tí kò tíì pẹ́ nílùú, bèèrè ilé tí arábìnrin náà ń gbé kí òun lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

"Inú tẹlifíṣọ̀n mi ni, sà," ni Bàbá Adégbóyè dáhùn. "Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ wá."

Àlùfáà wá lóòótọ́. Ó gbé àga tirẹ̀ sábẹ́ abíyá.

Babátọ́pẹ́, ọmọ Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ló fi tẹlifíṣọ̀n náà ránṣẹ́ lọ́dún 1981. Kékeré. Dúdú òun funfun. Iná ìjọba ò tíì dé, nítorí náà bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e ṣiṣẹ́, orí kẹ̀kẹ́ sì ni Bàbá fi ń gbé bátìrì ọ̀hún lọ sí Ìlọfà kí wọ́n lè fi iná kún un. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó lè lọ sóko kì í dùn ún lọ́jọ́ bátìrì.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ làwọn aládùúgbò ń wá wo eré Àbẹ̀kẹ́; wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ eré. Eré bẹ̀rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ ti jókòó. Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ fún ìyàwó tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Háà! Ọkàn rẹ̀ ti fọ́."

"Ọkàn wo ló fọ́?" Táyé télọ̀ dìde fùú. "Bàbá, obìnrin yẹn ò bìkítà. Ẹ ò rí eyín rẹ̀ ni?"

"Eyín ni ìwọ ń wò. Ó bu ọbẹ̀ fún gbogbo ilé, ó gbàgbé abọ́ tirẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í gbàgbé ẹran."

"Ààwẹ̀ ló ń gbà," ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé, aládùúgbò wọn, wí. "Ó fẹ́ fi àdúrà lé ìyàwó náà lọ. Èmi náà ṣe é rí."

Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ ọkàn, eré ti parí.

Lọ́jọ́ mìíràn, Bàbá ní aṣọ tí Àbẹ̀kẹ́ wọ̀ pupa fòò.

"Pupa?" Táyé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Nínú tẹlifíṣọ̀n dúdú òun funfun?"

"Télọ̀ tí kò lè mọ aṣọ pupa àfi tó bá rí i pé ó pupa! Ṣé télọ̀ náà nìyẹn?"

Moróhunfọ́lá, ìyàwó Bàbá, nìkan ni kì í bá wọn rojọ́. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló máa ń jókòó sí, tòun ti igbá ẹ̀gúsí lórí itan. Òun ló mọ ìdí tí ẹnu ọkọ òun kì í fi í sinmi. Ojú Moróhunfọ́lá ti lọ. Díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Dókítà ojú ní Ìlọrin ti sọ pé kò sí àtúnṣe. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀.

Bí Babátọ́pẹ́ bá gbọ́, Kàdúná ni yóò mú un lọ. Kàdúná, níbi tí kò ti mọ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nílé, ó mọ ọ̀nà odò, ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ ikọ́ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ wá ń bá a wòran. Lóhùn rara.

"Ó sàn kí wọ́n pè mí ní elẹ́jọ́ wẹ́wẹ́," ló máa ń wí fún un, "ju kí wọ́n gbé ọ lọ."

Babátọ́pẹ́ wálé fún Kérésìmesì. Ọjọ́bọ̀ dé. Nínú eré ọjọ́ náà, ọkọ Àbẹ̀kẹ́ ti lé ìyàwó tuntun, ó wá ń bẹ̀bẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ò fọhùn. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ni iyàn bá bẹ́.

Babátọ́pẹ́ yíjú sí ìyá rẹ̀. "Yèyé, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó ti dárí jì í?"

"Ó gbé àgbọ̀n sókè," ni Bàbá sáré wí, "ó ń..."

"Bàbá, Yèyé ni mo bi."

Moróhunfọ́lá dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

"Ó ti dárí jì í," ló wí. "Kò kàn fẹ́ kó tètè mọ̀ ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe mí? Ó ti mí èémí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ kí ọkùnrin náà tó bẹ̀bẹ̀ tán."

Táyé kígbe pé òótọ́ ni. Àlùfáà pàtẹ́wọ́. Inú Bàbá dùn débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fèrèsé ni Moróhunfọ́lá kọjú sí ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Fèrèsé tí wọ́n ti tì.

Babátọ́pẹ́ rí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá baba rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, Yèyé ò ríran mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi."

Bàbá Adégbóyè, tí kò gbà fẹ́nì kankan rí nínú iyàn, di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ìwọ àti ìyàwó rẹ ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ta ni yóò máa sọ ohun tó ń lọ fún un? Fi í sílẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni mo mọ̀ láyé yìí."

Ẹ̀rín pa Babátọ́pẹ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun nìkan ló padà sí Kàdúná. Bátìrì kejì ló fi ránṣẹ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, Bàbá sùn, kò jí. Nígbà yẹn, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ nípa ojú Moróhunfọ́lá. Táyé ló ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló ń pọn omi fún un. Babátọ́pẹ́ dé, ó rí gbogbo rẹ̀, kò sì dárúkọ Kàdúná.

Wọ́n tẹ́ Bàbá sí pálọ̀. Moróhunfọ́lá bèèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Yèyé," ni Táyé wí.

"Ẹ̀rín wo?" Ìyá Bọ́sẹ̀dé fi gèlè nu ojú. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Wo àgbọ̀n rẹ̀."

"Kò rẹ̀ ẹ́ rárá," ni àlùfáà wí. "Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa."

Iyàn bẹ́. Lórí òkú. Ẹ̀rín ń gbọ̀n wọ́n, ẹkún ò jẹ́ kó jáde.

Moróhunfọ́lá na ọwọ́. Ó fi ìka tọ iwájú orí ọkọ rẹ̀, ó tọ ìpéǹpéjú, ó dé ètè. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni," ló wí. "Ẹ dákẹ́ fún un."

Wọ́n dákẹ́.