Pátákó Tí Mo Kàn Mọ́ Ògiri Bàbá Wa

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wa kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé tí a máa wò gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí wa ká.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan là ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù ní Muṣin, nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn mẹkáníìkì yí ká. Ilé-ìwé kan ní Yábàá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo fèrèsé wọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé ìjọba nìkan ni wọ́n fẹ́ bá ṣe é. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún wa. Lọ́yà wa ní Sábó, ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń bá wa forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ní àdírẹ́sì nìkan ló kù.

"Ibi tí ìwé ìjọba máa bá yín ni o. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ilé-iṣẹ́ yín lẹ́jọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wá lẹ ìwé mọ́. Ẹ rò ó dáadáa."

Ọ̀rẹ́ mi ní kí a kọ Muṣin. Mo kọ̀.

"Ta ló máa rí Muṣin nínú ìwé tí kò ní rò pé abẹ́ igi la ti ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "Ṣé abẹ́ igi náà kọ́ ló ń bọ́ ẹ ni?"

Mo ní kí lọ́yà kọ ilé bàbá wa ní Súrùlérè. Ó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú lòun máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìjọba. Nítorí pé àwọn ará ilé-ìwé náà ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbé pátákó wa lọ sí Súrùlérè lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo kàn án mọ́ ògiri iwájú, níbi tó tẹ́jú jù, mo sì bá tèmi lọ.

N kò tíì dé Ojúẹlẹ́gba tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni, àkọ́bí ìyálé, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà.

"Ta lo tà á fún?"

"Àǹtí, kí ni?"

"Mo ní ta lo ta ilé bàbá mi fún?"

Ìgbà náà ni mo rántí. Ibi tí mo kan pátákó mọ́ ni bàbá wa fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ILÉ YÌÍ KÒ WÀ FÚN TÍTÀ, nígbà tí àwọn gbájúẹ̀ ta ilé aládùúgbò wa mọ́ ọn lórí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi kò rí i mọ́.

Nígbà tí mo padà dé, pálọ̀ ti kún fún àwọn ọmọ bàbá wa. Àwọn tí kò lè wá wà nínú fóònù lórí àpótí. Ìyá mẹ́ta ló bí wa, a kò sì tíì pín ilé náà ní ìdí-igi, ní ìyá-sí-ìyá, látìgbà tí bàbá wa ti kú. Kò sẹ́ni tó lè na ìka sí yàrá kan pé tòun ni.

"Kò sẹ́ni tó tà á," mo ní. "Àdírẹ́sì lásán ni."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ó fi àdírẹ́sì lásán di bàbá wa lẹ́nu!"

Àbúrò wa kan sọ̀rọ̀ láti inú fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́, ilẹ̀kùn ta ni wọ́n máa lẹ ìwé mọ́?"

Ohun tí lọ́yà sọ gan-an nìyẹn.

Àǹtí kò pariwo mọ́. Ó gbé òòlù lé mi lọ́wọ́. "Yọ ọ́."

Bí mo ti fa ìṣó jáde, sìmẹ́ńtì bá a wá, ó sì gbé KÒ lọ. Gbogbo wa dúró, à ń wo ohun tó kù lára ògiri: ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ.

"Orí mi o!" Àǹtí ké. "Lọ ra ọ̀dà, kí aráyé tó kà á!"

Mo ń kùn ún lọ́wọ́, òun jókòó sórí àga lẹ́yìn mi, ni fóònù dún.

"Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí, sà," lọ́yà wí. "Ṣé Súrùlérè náà ni?"

Ọ̀dà ń ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo rántí àwọn ará ilé-ìwé náà, mo rántí èéfín àwọn mẹkáníìkì.

"Kọ Muṣin."

Wọ́n wá sí Muṣin lóòótọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún wa, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fi fóònù sápò.

"KÒ yẹn kò tíì hàn tó," Àǹtí wí. "Tún un kùn. Mo fẹ́ máa rí i láti títì."