Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Bàbá Àgbà Kò Gbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, díẹ̀ ló kù kí n kú. Òtútù àyà ló dá mi wólẹ̀. Mi ò lè mí dáadáa, ìyá mi sì ti ń sunkún bí ẹni pé wọ́n ti sin mí tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Bí ẹ ṣe ń rí mi tí mò ń jágbe mọ́ yín yìí, ọmọ tí àwọn ará ilé ti ń bá ìyá ẹ̀ dárò ni mí.

Òyìnbó oníwàásù kan ń gbé létí oko wa nígbà náà, lọ́nà Alájué. Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ni wọ́n fún un ní ibi tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtọ́jú kékeré sí. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò. A kì í ta ilẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bí àlejò bá tọrọ ilẹ̀, a ó fún un, bó bá sì di ìgbà ìkórè, á gbé iṣu àti epo wá fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ebi ń pa onílẹ̀ o; kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni.

Bàbá àgbà gbé mi kọ́ èjìká, ó di ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òyìnbó náà fi jókòó tì mí, tó ń gún mi lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní kí wọ́n fún mi lẹ́kọ mu. Gbogbo ilé hó yèè.

Nígbà tí ìkórè dé, òyìnbó yìí gbé ẹrù iṣu kan àti garawa epo kan wá, torí wọ́n ti kọ́ ọ láṣà wa. Bàbá àgbà ò jẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Gbé e padà, ọ̀rẹ́ mi. Ta ní í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá a gba ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ ikú? Kó má rí bẹ́ẹ̀ láéláé."

Inú gbogbo wa dùn. Àṣìṣe ńlá ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọ rẹ̀ fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí gbogbo oko wa ká, àti igi obì tí Bàbá àgbà gbìn, àti sàárè ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Wọ́n mú èmi náà dání, torí èmi ni ẹ̀rí oore tó wà láàárín wọn. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti oníwàásù ti jọ sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kí ara ti fu wá láti ibẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ajẹ́lẹ̀ bi Bàbá àgbà: ǹjẹ́ ìjọ yìí san ìṣákọ́lẹ̀ fún un rí? Bàbá àgbà tí kì í jẹ́ kí ìrun kan ré wọn kọjá, wọn ò jẹ́ purọ́.

"Rárá, kò san án. Ṣùgbọ́n ó gbé e wá, èmi ni mo ní kó gbé e padà. Ẹ bi í, ó wà níbí."

Gbogbo wa yíjú sí oníwàásù. Ọkùnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́sí, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń wò. Kò sọ nǹkan kan. Ajẹ́lẹ̀ ní ẹni tí kò bá gba ìṣákọ́lẹ̀ ti fi ilẹ̀ tọrẹ nìyẹn.

Bàbá àgbà ò lò tó ọdún kan mọ́ láyé. Wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà lójú mi rí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ayé ti yí. Lónìí, bí o ò bá ní ìwé, o ò ní ilẹ̀. Ilé ti kún ọ̀nà oko wa, ọlọ́kadà ń sáré níbẹ̀, inú ọgbà tí ìjọ yẹn fi wáyà yí ká náà làwọn ọmọ yín ti ń kàwé, mi ò sì ní purọ́, inú mi ń dùn sí ìwé tí wọ́n ń kà. Ẹ wá ń bi mí bóyá oore làwọn òyìnbó oníwàásù ṣe wá tàbí ibi. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Nígbàkigbà tí mo bá la ẹnu láti ṣépè fún ọkùnrin yẹn, mo máa ń rántí pé òun ló jẹ́ kí n ní èémí tí mo fẹ́ fi ṣépè. Mo máa ń pa ẹnu mi dé ni, bí òun náà ṣe pa tirẹ̀ dé ní kóòtù.