Bí Ìyá Alábẹ́rẹ́ Ṣe Mọ "Good, Better, Best"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì mi. Yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wọn níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn aláṣẹ sì ti sọ pé ẹni tó bá máa rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sí kíláàsì àgbà lọ́sàn-án, tí wọ́n á ká ẹsẹ̀ sábẹ́ bẹ́ńṣì tí wọ́n kàn fún ọmọdé, tàwọn ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Nínú kíláàsì, "ẹ̀yin tíṣà" ni wọ́n ń pè mí. Tá a bá ti jáde báyìí, mo ti di "ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì jẹun, àbí?"

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ wọn bá a ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ "small, smaller, smallest" sójú pátákó, mo ní kí Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi "good" ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbọnra jìgì.

"Good, gooder, goodest!"

Ẹ̀rín sọ. Dẹ́rẹ́bà kan tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ jókòó, wọ́n pa ìwé wọn dé. Ojú ti èmi alára, torí èmi ni mo dẹ pàkúté náà. Mo rò pé a ò ní rí wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹ̀yin tíṣà, kí ni 'good' ṣe tí wọ́n fi yí orúkọ ẹ̀ padà?"

"Kò nídìí, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. 'Good, better, best.' Bẹ́ẹ̀ náà ni 'bad, worse, worst.'"

Wọ́n mi orí. "Kò sẹ́bí tí ò ní olóríkunkun tiẹ̀. Àá kàn há wọn sórí ni."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, dẹ́rẹ́bà yẹn ló wá ń sọ pé "more bigger", ohun tó burú níbẹ̀ ò sì yé e. Kí n tó lanu, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti yíjú sí i.

"Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ìdí ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́: 'big, bigger.' Èyí tó bá ti gùn bíi 'beautiful', tó o bá tún fi kún ìdí ẹ̀, á máa wọ́ nílẹ̀. Iwájú ẹ̀ ni kó o gbé 'more' sí. Àmọ́ 'more bigger' yẹn, fìlà méjì lo dé lé orí kan."

Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò rí i sọ báyẹn rí.

Ọjọ́ ìdánwò ipò ọ̀gá náà pé nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi. Mánéjà ilé ìwòsàn kó aṣọ mẹ́ta síwájú Ìyá Alábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó yẹ kí ilé ìwòsàn rà fún bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Wọ́n fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀.

"This one is softer. This one is stronger." Wọ́n fọwọ́ kan ìkẹta. "But the cheapest is the worst. We wash it ten times, it will tear."

Ojú mánéjà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Òun gan-an ló yan èyí tówó rẹ̀ kéré jù náà. Ó bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú.

"I am more sure than you, sir."

Nọ́ọ̀sì ní òun fi ìwé bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Mánéjà ní kí àwọn tó ń fọṣọ nílé ìwòsàn fọ aṣọ náà wò. Ìgbà kẹjọ ló ya.

Bí Ìyá Alábẹ́rẹ́ ṣe dọ̀gá nìyẹn. Mo rò pé wọn ò ní wá sí kíláàsì mọ́, àmọ́ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọlé pẹ̀lú méjì nínú àwọn aránṣọ tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì ṣíwèé.