Kíláàsì Mi Fìdí Rẹmi ní Nàìjíríà

Orí òkè kan ní Attécoubé, ní ìlú Abidjan, ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà. Bí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé kíláàsì mi, á máa wo ọ̀sà nísàlẹ̀, àti àwọn òrùlé páànù tó gun ara wọn lórí títí dé etí omi. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni. Olùdarí wa, ọmọ Abidjan gan-an, fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Ohunkóhun tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olówó ní Cocody bá ní lọ́dún yìí, tiwa gbọ́dọ̀ ní in lọ́dún tó ń bọ̀, kódà bí omi kò bá sí ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ.

Bí ayé inú ẹ̀rọ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun ló ń tà á. Aṣojú wọn ní Abidjan jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wọ bàtà funfun láìsí ìbọ̀sẹ̀, tó sì ń sọ Faransé gba imú bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó kó àwọn awò-ojú dúdú ńláńlá wá nínú àpótí. Ó ní bí ọmọ bá ti gbé awò náà sójú, á bá ara rẹ̀ ní abúlé kan níbikíbi lágbàáyé. Ọmọlángidi kan á máa rìn nípò rẹ̀, á máa bá àwọn ará ibẹ̀ ṣeré, á sì máa kọ́ àṣà wọn. Bó bá ṣe dáadáa, ìràwọ̀ á já lé e lórí.

"Gbogbo ayé pátá, láìsí físà," ó wí. Gbogbo àwa olùkọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí físà kò tíì dójú tì rí nínú wa.

Olùdarí fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi nìkan ni àjèjì láàrin àwọn olùkọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ àgbáyé á yé mi ju àwọn tó kù lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. A lọ sí Japan, níbi tí àwọn ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹríba kí ara wọn; bọ́tìnnì kan wà fún un. A lọ sí Brazil, wọ́n jó níbẹ̀ títí ìràwọ̀ fi kún gbogbo ojú ọ̀run. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Burkina bọ́ awò rẹ̀, ó ní òun ti lọ káàkiri, òun ò sì tíì rí ìlú kankan tí ẹnikẹ́ni ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó gbé awò padà sójú.

Lẹ́yìn náà la dé Nàìjíríà.

Nàìjíríà inú ẹ̀rọ yẹn, ahéré díẹ̀ ni, tó yí kànga kan ká. Oòrùn ń wọ̀, kìnnìún kan sì dùbúlẹ̀ lẹ́bàá kànga bí ajá ilé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo dàgbà sí, ewúrẹ́ ni a máa ń bá lẹ́bàá kànga. Àwọn ènìyàn inú abúlé wọ awọ ẹran, wọ́n ń rìn kiri, wọ́n sì ń kí ara wọn pé "Ẹ káàárọ̀" ní ìrọ̀lẹ́. Ọba jókòó láàrin wọn, ó na ọwọ́ òsì síwájú. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló máa gba ìràwọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá bàbá rẹ̀ ń ta abọ́ ní ọjà Adjamé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bíi tèmi, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá délé, Faransé ló fi ń dáhùn. Ó dúró níwájú ọba, kò nawọ́.

"Monsieur," ó wí, "bọ́tìnnì ìkúnlẹ̀ dà?"

Mo bá a wá a. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fò wà, èyí tí wọ́n fi ń jó wà, èyí tí wọ́n fi ń jókòó àti èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò wà. Ti ìkúnlẹ̀ kò sí. Mo ní kó ṣáà bọ ọba lọ́wọ́ ká máa lọ.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí. "Bí ìyá àgbà bá gbọ́, wọ́n á nà mí."

Àwọn yòókù ti gbọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe Yorùbá. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún ọmọ Attécoubé pé nǹkan kan kò ṣeé ṣe, o ti fún un níṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ọmọlángidi fi lè kúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàwárí pé bí èèyàn bá fò sínú kànga, á rì dé ìbàdí, á sì dúró bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní ó kúnlẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi wà nínú kànga, wọ́n há mọ́ra bí èrò inú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré Abidjan, wọ́n ń kí ọba. Ọba na ọwọ́ títí, kò rí ẹni bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́ léraléra pé ká tún gbìyànjú.

Lópin ọ̀sẹ̀, olùdarí pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Èsì wa wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Kíláàsì yín yege ní Japan," ó wí. "Ó yege ní Brazil. Ó fìdí rẹmi ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin sì ni ọmọ Nàìjíríà."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí dókítà tó ń gbọ́ àròyé aláìsàn. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣi Nàìjíríà ṣe.

"Bóyá ẹ ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa níbí," ó wí. "Èèyàn máa ń gbàgbé."

Ó ní ọjọ́ àwọn òbí ti ń bọ̀, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà á sì wá. Kí n wá àgbàlagbà kan nínú àwọn ará wa, ẹni tó ṣì mọ àṣà dáadáa, kó wá wọ abúlé náà lójú gbogbo ayé. Kí ẹni náà wọ aṣọ ìbílẹ̀.

Mo lọ sí Adjamé, sí ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà ọmọ náà. Àlhájà ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Mo bá wọn láàrin abọ́ tó ga dé àjà, wọ́n ń fi èdè Jùlá bá oníbàárà kan ná ọjà. Mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí àyè gbà mí dé, mo ro ẹjọ́.

"Awò tí ẹ ń sọ yìí," wọ́n bi mí, "ṣé ó ń dé gbogbo ìlú?"

"Gbogbo ìlú ni, mà."

"Ó ń dé Ṣáínà?"

"Ó ń dé ibẹ̀, mà."

Wọ́n fi aṣọ nu àwo kan tí kò ní eruku. "Ó dáa, tíṣà. Màá wá."

Lọ́jọ́ náà, a ta tánpólì sí àgbàlá, a to àga, a gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan síwájú, kí gbogbo àlejò lè rí ohun tí ẹni tó gbé awò sójú ń rí. Àlhájà bá takisí dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Ìró àti bùbá àǹkárá tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú ìbòrí funfun. Olùdarí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá ìbílẹ̀ nìyẹn. Mo ní ohun tí wọ́n ń wọ̀ nìyẹn. Ó wo aṣojú. Aṣojú ní kò séwu, àwọn lè tún un ṣe nínú fídíò.

Wọ́n gbé awò lé Àlhájà lójú, lórí ìbòrí. Ọba yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́.

"Ta nìyí?" Àlhájà bi mí.

"Ọba ni, mà."

"Ọba ìlú wo?"

Mo yíjú sí aṣojú. Ó ní ọba Yorùbá ni, lápapọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọba lápapọ̀," wọ́n wí. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Kí ló dé tó ń na ọwọ́ òsì sí mi?"

"Ó fẹ́ kẹ́ ẹ bọ òun lọ́wọ́ ni, mà."

"Kò jọ ọ́. Ó ń tọrọ nǹkan ni. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun."

Olùdarí bi mí ohun tí màmá sọ. Mo ní wọ́n ń bèèrè àlàáfíà ọba. Gbogbo àlejò pàtẹ́wọ́. Aṣojú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Àlhájà, ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," Àlhájà wí. "Ẹ gbé mi lọ sí Ṣáínà."

Olùdarí kò fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń wò. A gbé wọn lọ. Ṣáínà jẹ́ ọgbà òdòdó kan, pẹ̀lú afárá kékeré lórí omi, ẹranko dúdú-funfun kan tó ń jẹ ọparun, àti bàbá arúgbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé. Àlhájà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Lórí àga tí wọ́n jókòó sí, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ń mi, bí ti ẹni tó fẹ́ yára rìn.

"Níbo ni wọ́n ti ń ta abọ́?" wọ́n bi bàbá arúgbó náà.

Ó tẹríba fún wọn, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi í ní Jùlá. Wọ́n wá gbé ohùn sókè, wọ́n bi í ní Faransé ọjà: "Chef, assiettes-là, c'est où?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Àlhájà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé ọkùnrin tó ń kó abọ́ ránṣẹ́ sí àwọn láti Ṣáínà kò gbé fóònù mọ́, pé ẹrù tó rán kẹ́yìn, ẹnu gbogbo abọ́ rẹ̀ ló ti sán. Àwọn ò rí i sójú rí. Wọ́n rò pé bí awò náà bá gbé àwọn dé ìlú rẹ̀, àwọn á rí òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó ń sá ni tàbí ó ti kú.

Láti ìgbà tí ayé inú ẹ̀rọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè tó nídìí tó bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ní láti fi dáhùn ni ọparun.

Àlhájà bọ́ awò náà fúnra wọn. "Ó jọ pé wọn ò nájà lónìí," wọ́n wí. Olùdarí bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Aṣojú fún wọn ní abẹ̀bẹ̀ oníbébà tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Nínú takisí tí mo bá wọn wọ̀ padà sí Adjamé, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ náà fẹ́ra títí. "Tíṣà," wọ́n wí, "ẹni tó ya Ṣáínà yẹn, kò débẹ̀ rí." Wọ́n rò ó síwájú sí i. "Èmi náà ò ṣáà débẹ̀ rí."

Nígbà tí a wọlé sáà kejì, aṣojú ránṣẹ́ pé, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ará wa, Nàìjíríà ti di ojúlówó. Mo ní kí àwọn ọmọ gbé awò sójú. Kìnnìún ṣì wà. Ọba ṣì na ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbà kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ wúrà tó tóbi bí agbòjò. Bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, á sọ̀rọ̀ ní ohùn Àlhájà gan-an: "Níbo ni wọ́n ti ń ta abọ́?" Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé ìkíni àtayébáyé tí àwọn Yorùbá fi ń bọ̀wọ̀ fún ọba nìyẹn. Ẹni tó bá tún un sọ dáadáa á gba ìràwọ̀.

Gbogbo kíláàsì ń bi ọba ibi tí wọ́n ti ń ta abọ́. Ìràwọ̀ ń rọ̀ bí òjò. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló bọ́ awò tirẹ̀.

"C'est ma grand-mère," ó wí.

"Ìyá àgbà rẹ ni wọ́n," mo wí.

"Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Abọ́ ni wọ́n ń wá."

"Mo mọ̀."

"Kí ni kí n wá sọ?"

Mo ní bó bá jẹ́ ìràwọ̀ ló fẹ́, kó bèèrè abọ́ lọ́wọ́ ọba. Ó gbé awò lé tábìlì, ó sún àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé, kò sì gbé e sójú mọ́ títí sáà fi parí.

Kíláàsì mi yege ní Nàìjíríà. Olùdarí ra bissap tútù, sóbò tiwọn, fún gbogbo olùkọ́.

Mo lọ sọ fún Àlhájà, mo rò pé inú á bí wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n pe ìyá kan tó ń ta ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n fi Jùlá sọ ọ́ fún un, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà Àlhájà yíjú sí mi.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ṣáínà náà?"

"Ó ṣeé ṣe, mà."

"Kò burú nígbà náà. Bí ọkùnrin abọ́ yẹn bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé mo ń wá òun."

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, mo ṣàlàyé pé ìbéèrè ni, kì í ṣe ìkíni. Wọ́n dá mi lóhùn kíá. Wọ́n dúpẹ́ fún ìtara mi, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí kan ránṣẹ́ tó sọ mí di aṣojú àṣà. Olùdarí fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan, olùdarí sì ní kí n máa kà á fún àwọn òbí. Bàbá ọmọbìnrin náà wá láti Adjamé, ó ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wá, eruku páálí ṣì wà lápá rẹ̀. Mo ka èsì náà fún un ní Faransé: ọmọ yìí ní làákàyè, ṣùgbọ́n ó yẹ kó túbọ̀ ṣí ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún àṣà Yorùbá.

Ó ní kí n jọ̀wọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kó lè dá òun lójú pé ohun tí òun gbọ́ nìyẹn. Mo sọ ọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó gbọ́. Ọmọ náà ní òun gbọ́, ní Faransé.

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ àpò. "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," ó wí, àwọn méjèèjì sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ gbaka.