Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fà Mí Lé Ọkọ Lọ́wọ́

Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ti ń yọ bàbá mi lẹ́nu. Bí ó bá ń tọ̀, á máa ta á, ṣùgbọ́n á ní kò sí nǹkan. Bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n ọ́n, kò lè mú un dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jókòó sí ulé, kí àbúrò yín fà á fọ́kọ." Ó kọ̀.

Bí orin àkọ́kọ́ ti parí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi jáde lọ tọ̀. Ó wọlé, ó tún jáde. Ara mi kò balẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Ni àlùfáà bá bèèrè pé, "Ta ni ó fa obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?" Àbúrò bàbá mi ti ń dìde nígbà tí bàbá mi sáré wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Èmi bàbá rẹ̀ ni!"

Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó sì fi ọwọ́ mi lé ti ọkọ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, ọkọ mi sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ lọ́rì lọ sí ọsibítù l'Ádó." Ó gbà. Àìsàn náà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò fi ìrora rẹ̀ pa mọ́ fún wa mọ́.