Ọ̀nà Oko Ni Honoré Gbà Wọ Kétu

Ẹ wá wo ọmọ Kétu pọ́ńbélé, tí wọ́n bo ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní agboolé bàbá rẹ̀, tó ń gba ọ̀nà oko yọ́ wọ ìlú ara rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Honoré lorúkọ rẹ̀. Jórinjórin ni, Kútọnu ló ti ń ṣiṣẹ́. Rosalie ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù, tí ewé àgbàdo ń na àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò díjú. Kútọnu ti sú Honoré, ó fẹ́ padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí Kétu. Rosalie, tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, kò tíì gbà. Ó ní ìsìnkú nìkan ló ti gbé òun dé Kétu rí, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀ nígbà tí kò bá sí òkú nílẹ̀. Kí ó mú òun lọ lọ́jọ́ kan, kí àwọn jẹun bí ará ibẹ̀, kí àwọn rìn bí ará ibẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á fún un lésì. Ọjọ́ kan péré ni Honoré ní láti fi yí i lọ́kàn padà.

Ó wá ṣètò. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà létí títì. Lẹ́yìn náà, Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí àwọn baba wọn fi ń dènà ọ̀tá. Ọjà. Iyán iṣu Ìdígny pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, kí bíà tútù tẹ̀ lé e. Ètò náà dára, mi ò ní parọ́. Agboolé bàbá rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ilé Cyriaque ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n tiẹ̀ sùn mọ́jú, kí ará ilé má baà gbọ́. Ta ló ń wọ Kétu tí kì í kọ́kọ́ kí ilé? Òun náà mọ̀. Ó kàn rò pé òun gbọ́n ju ìlú lọ ni.

Àkàrà kò tíì tán lọ́wọ́ wọn tí onízẹ́mì kan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò, fi rọra dúró tì wọ́n. Ó kí wọn dáadáa, ó béèrè bóyá Ìyá Léontine mọ̀ pé wọ́n ti dé, ó sì gbéra. Honoré mọ̀ pé ó ti parí. Kí wọ́n tó dé Àkábà, fóònù dún. Ìyá Léontine ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú agboolé. Kò pariwo. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn àlejò méjì kan ń jẹun létí títì, tí àyè bá gbà wọ́n kí wọ́n yà wá kí òun.

Ní agboolé, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó dé láti Odòmẹ́ta ga nílẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń bó o fún gàrí. Rosalie kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fún un ní àga, ọ̀bẹ ni wọ́n fún un, nítorí ìyàwó kì í ṣe àlejò nílé ọkọ. Ọmọdébìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ní kó wá jókòó ti òun, Rosalie sì dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi, mo ń bọ̀," gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Honoré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, inú ń bí i. Òòrùn ń gòkè, Àkábà ti lọ, ọjà ti lọ. Ó bú onízẹ́mì nínú, ó bú ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́, ó bú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé èbà fún un lọ́sàn-án, ó ń wò ó, iyán Ìdígny ló ń rò. Ì bá la ẹnu rẹ̀ kó sọ pé, ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi wá gbafẹ́ ni. Kò là á. Àgbà ni, ṣé ẹ rí i, a kì í já àgbà níyàn. Ó fi ìyẹn ṣe àwíjàre.

Ìgbà tó yá ni Ìyá Léontine bi Rosalie ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo làwọn máa gbọ́ igbe ọmọ. Ìbéèrè yìí gan-an ni Honoré ti ń sá fún láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Òun ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í wálé bí kò bá sí òkú. Rosalie kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní àwọn ṣì ń wá a lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìyá ní, "Àmín, Ọlọ́run á dá yín lóhùn," ó sì ju ẹ̀gẹ́ kan sínú abọ́. Ó tán. Ohun tó ń ba Honoré lẹ́rù látọjọ́ yìí kò pẹ́ tó bíbó ẹ̀gẹ́ kan.

Ìyá Léontine ṣì ń sọ̀rọ̀ o.

"Inú mi dùn pé o wá. Honoré máa ń sọ fún wa lórí fóònù pé òun ì bá máa wálé, pé ìwọ ni o kò fẹ́ràn ìlú wa."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Rosalie. Kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ti Honoré kò tiẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Rosalie sọ, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ògiri, Honoré ti dorí alùpùpù kọ ọ̀nà oko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ará ilé òun ti ba ọjọ́ àwọn jẹ́, kó má wo ti wọn. Rosalie ní kó dákẹ́.

"Àwọn ará ilé ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìwọ lo fi orúkọ mi sá fún ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n bi mí lónìí, mo dáhùn. Ṣé mo kú?"

Honoré béèrè èsì tí ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí fún un.

"Màá wá gbé ibí. Ṣùgbọ́n ojú títì ni màá gbà wọlé, ìwọ náà á sì fẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni kò jẹ́ kí o máa wálé."

Rosalie yí padà, ó wọ agboolé lọ. Láti ẹ̀yìn ògiri, Honoré gbọ́ tí Ìyá Léontine ń béèrè òun, ó sì gbọ́ tí Rosalie ń dáhùn pé ó ń bọ̀. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí rẹ̀ padà kọ ẹnu ọ̀nà agboolé.