Ẹnu Tí Màmá Fi Ń Gbàdúrà

Òórùn káńfọ̀ ni, èyí funfun roboto tí a máa ń jù sínú àpótí aṣọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lára aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, Ìbàfò ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà, sí ilé kan lẹ́yìn títì márosẹ̀ níbi tí èmi àti ọkọ mi gba yàrá sí kí a tó kó wá sí Mowé. Màmá kan wà níbẹ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí kànga. Ará Ọ̀ṣun ni. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ ìkókó àdúgbò. Ó wẹ àkọ́bí tèmi náà; á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀, á sì máa kì í bí ẹni pé ọmọ ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, bíríkìlà, ti bá iṣẹ́ lọ sí òkè ọya, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá fún un ló fi ń jẹun.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí gbogbo nǹkan sì tẹ̀lé e gòkè, apá àwọn ìyá ọlọ́mọ náà ò ká a mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn wẹ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ Màmá lẹ́nu. Oògùn tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ó ń fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Nígbà tó yá, omi ewúro nìkan ló kù tó ń mu. A máa ń bu oúnjẹ fún un bí a bá ní, ṣùgbọ́n ta ló ní nígbà yẹn? Ìwọ náà á rántí. Ni ìròyìn bá dé pé ìjọba fẹ́ máa fún àwọn aláìní lówó, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò wá wo ojúlé kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn ju ti Màmá gan-an lọ. Mo ní oògùn dé nìyẹn.

Àbí o ò mọ irú wa ni? Ìjọba ń bọ̀, àlejò ni, a kì í sì í jẹ́ kí àlejò bá ilé ní gbẹrẹfu. Kí wọ́n tó dé lọ́jọ́ náà, Màmá ti jí gbá yàrá, ó ti yọ léèsì rẹ̀ jáde látinú àpótí. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù gbé kápẹ́ẹ̀tì wá, aránṣọ yàrá kejì gbé fáànù rẹ̀ wá, ẹnì kan tilẹ̀ gbé àga onítìmùtìmù. Yàrá náà wá dùn ún wò. Ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n rán wá kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kò fi ìwọ̀sí kankan lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń rìn láti orí kápẹ́ẹ̀tì lọ sórí fáànù.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń sùn láìjẹun?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́. A dúpẹ́."

Ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Màmá ní òun ò gba àìsàn wọlé, pé Jésù ni oníṣègùn òun. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé ńṣe la yá Màmá ní gbogbo ẹrù tó ń wò yẹn, pé kò tíì jẹun láti àná. Màmá yíjú sí mi, ó ní ṣé èmi ni wọ́n ń bi ni. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, ó sì kọjá sí ojúlé kejì.

Nígbà tí a ń ká kápẹ́ẹ̀tì padà, mo bi Màmá kí ló dé. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń tú gèlè.

"Ọmọ mi, ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà láàárọ̀, ṣé òun náà ni kí n fi sọ fún àlejò pé mo tòṣì?"

Mo ká kápẹ́ẹ̀tì náà tán, mo gbé e lé èjìká. Inú ń bí mi, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Àwọn kan ládùúgbò rí owó náà gbà fúngbà díẹ̀. Orúkọ Màmá ò jáde. Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìgbà tó kú tán ni owó wá jáde lápò gbogbo wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ra pósí tó ń dán, ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù gba kánópì, àwọn ìyá tó ti bá wẹ ọmọ dáwó ìrẹsì, mọ́tò agbókùú tó tutù nínú ló sì gbé e lọ sí Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tójú tì láti tọrọ fún òkú. Mo dúró ti ìkòkò ìrẹsì yẹn, mo ń wo iye ẹran tó wà nínú rẹ̀, mo sì ń ronú nípa oògùn tí Màmá ń fi ọ̀bẹ gé. Ó dùn mí wọ egungun. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo máa ń gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí rédíò tí wọ́n ń sọ bí ìjọba yóò ṣe máa gba aláìní sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bí ọ̀wọ́n oúnjẹ tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ké ni gbogbo ètò wọn ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ láti kékeré la ti kọ́ ẹnu wa pé kó máa dúpẹ́. Àwa obìnrin mélòó kan ní Mowé níbí ti ń yí ojúlé àwọn arúgbó ká báyìí. A kì í bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀, mo sì máa ń fọwọ́ kan sítóòfù wọn kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n dáná. Lọ́pọ̀ ìgbà, tútù ni mo máa ń bá a.